Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Fa Tiwalọpẹ́ Lé Wọn Lọ́wọ́

Ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù Kẹsàn-án, 2025. Ìlárá.

Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n fojú ba oorun: páànù tó ń jò lókè yàrá Tiwalọpẹ́. Ikọ́ mi. Ọlọ́kadà tí yóò máa gbé e lọ láàárọ̀, nítorí fóònù ló máa ń wò, kì í wo ọ̀nà. Bùsọ́lá ọmọ mi, ìyá Tiwalọpẹ́, tí kò pè láti Ìlíṣàn láti ìjẹta. Gàrí tó ti di ẹgbẹ̀rin náírà kóńgò kan. Òjò tí kò fẹ́ dá. Àti ohùn ọmọ náà. Ohùn yẹn ló burú jù nínú gbogbo wọn. Láti kékeré, bó bá pè mí láti ilé ìdáná, mo máa ń rò pé ẹyẹ ni. Báwo ni yóò ṣe dúró níwájú kíláàsì tó kún fún àwọn ọmọ tí kì í panu mọ́?

Lọ́la ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé aládàáni tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní àwọn yóò fi sáà kan wò ó. Bí oṣù Kejìlá bá ń parí lọ, wọn yóò sọ bóyá kó dúró tàbí kó máa lọ. Ọdún méjì ló fi wá iṣẹ́ kí èyí tó yọjú. Bí èyí náà bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀,

N kò ní parí gbólóhùn yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 22

Mo mú un lọ, mo fà á lé wọn lọ́wọ́ bó ti yẹ. Aṣọ tí mo wọ̀ níbi ìsìnkú ìyàwó mi ni mo wọ̀, nítorí òun nìkan ni kò tíì ṣá. Ẹrẹ̀ ta sí i létí. Ọ̀gá ilé-ìwé, Ìyáàfin Ojúọlá, fún wa ní ìjókòó, ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Obìnrin tó mọ̀wà hù ni. Àárẹ̀ kàn hàn lójú rẹ̀ díẹ̀.

Mo dìde, mo sọ̀rọ̀. Mo ní, "Màdáàmù, ọmọ yín rèé. Kò mọ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ ò tíì là, ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbọ́n. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá wa kọ́ ọ. Bó bá ṣẹ̀, ẹ bá a wí, ẹ má wojú mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ mi ni."

Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni bàbá mi sọ lọ́jọ́ tó mú mi lọ bá bàbá Lìádì ọ̀rẹ́ mi ní ìsọ̀ obì rẹ̀ ní Ṣàgámù, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. A ó rẹ ọmọ sílẹ̀ kí ẹni tó gbà á lè gbé e sókè.

Tiwalọpẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ọjọ́rú, 24

Òjò láti àárọ̀. Ohùn rẹ̀ ti há. Mo bá a se omi ẹ̀fínrín àti atalẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30

Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Àǹtí Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bó bá kọ nǹkan sójú pátákó tó sì yíjú padà, àwọn kan ti kúrò ní àyè wọn. Ọ̀gbẹ́ni Akóredé tó ń kọ́ kíláàsì kejì ní ohùn tí a máa ń gbọ́ láti ojú títì. Ẹgba kì í kúrò lábẹ́ apá rẹ̀. Ó yọjú lójú fèrèsé lónìí, ó ní, "Àǹtí Jẹ́jẹ́, ṣé kí n yá ẹ ní ohùn mi?" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi lu aago.

Mo bi í bí mo ṣe máa ń bi í lójoojúmọ́: "Kí ló bàjẹ́ lónìí?" Ó kà wọ́n fún mi. Ó pẹ́ kó tó kà wọ́n tán. Kò jẹ ẹ̀kọ tí mo ṣí sílẹ̀ fún un.

Ó ní òun ti ń gbìyànjú láti máa ṣe bí Akóredé. Ìyẹn ló gba ohùn náà lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 oṣù Kẹwàá

Mo lọ kí Lìádì ní Ṣàgámù. Ọkọ̀ ti gbówó lé owó rẹ̀, ọ̀nà sì burú ju ti ọdún tó kọjá lọ. Bí mo ṣe wọ ilé rẹ̀ ní àdúgbò Ofin ló ti pariwo láti orí ẹní rẹ̀:

"Ṣóbọ̀wálé! Ta ló tún kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Kí ló dé tójú ẹ rí báyìí? Àbí ẹni tó ń bọ̀ wá kú lo ti ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀ sílẹ̀?"

Mo ro ẹjọ́ Tiwalọpẹ́ fún un. Ó ń jẹ obì rẹ̀. Ìgbà tí mo sọ ìbéèrè tí mo máa ń bi ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́ ló tó gbé obì kúrò lẹ́nu.

"Ohun tó bàjẹ́ lo máa ń bi í?"

"Kí n lè mọ bí a ṣe máa tún un ṣe."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

"Ọlọ́run má jẹ́ kí n ní irú ẹ ní bàbá àgbà. Nígbà tí a ń ṣa gbàǹja nísọ̀ bàbá mi, kí la máa ń ṣe sí èyí tí kòkòrò bá ti jẹ?"

"A máa ń yọ ọ́ dànù."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"A ó ka èyí tó kù."

"Ìwọ ò tíì ka èyí tó kù fún ọmọ yẹn rí. Yíyọ lò ń yọ. Bó o bá yọ ọ́ tán, agbọ̀n òfìfo lo máa gbé lé e lórí."

Mo bínú díẹ̀. Obì tó fi ṣe mí lálejò korò.

Ọjọ́ Ajé, 6

Mo bi í pé, "Kí ló dáa lónìí?"

Ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, ṣé ara yín yá?"

"Dá mi lóhùn."

Ó ronú títí ẹ̀bà rẹ̀ fi tutù. Ó ní kò sí. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé òmùgọ̀ ni Lìádì, pé láti kékeré ló ti jẹ́ òmùgọ̀. Ìgbà tí mo ti ń palẹ̀ mọ́ fún àdúrà ló padà wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Ọmọ kan dúró kí mi lójú ọ̀nà. Ó bọ́ àpò ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kúnlẹ̀. Ṣé ìyẹn wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, 9

Iná kò sí látàná. Káfíńtà wá lu páànù. Jíjò náà ti ṣí kúrò ní yàrá Tiwalọpẹ́ wá sí tèmi. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dáa lónìí: kò sẹ́ni tó sùn ní kíláàsì rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Ó pé ọdún mẹ́ta lónìí tí ìyàwó mi ti lọ. A gé koríko ojú oórì rẹ̀, èmi àti Tiwalọpẹ́. Nígbà tí a dé ilé, a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, n kò sì fẹ́ kí a dákẹ́, nítorí bí mo bá dákẹ́ lónìí, ibi tí ọkàn mi yóò lọ kò dára. Mo bi í ní ohun tí n kò bi í rí.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú ìyàwó mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ahọ́n rẹ̀ di wúwo. Ohun tó ń sọ kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa. Dókítà máa ń fojú bù ú. Àlùfáà wa máa ń pariwo mọ́ ọn bí ẹni pé etí ló di. Tiwalọpẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń yé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Báwo lo ṣe máa ń mọ ohun tí Ìyá ń sọ?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá. Mo kàn máa ń dúró dè wọ́n ni. Ẹ̀yin tó kù kì í dúró. Bí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀yin á ti dáhùn méjì."

"Èmi náà?"

"Ẹ̀yin gan-an lẹ burú jù! Wọ́n bèèrè aṣọ, ẹ gbé omi wá. Wọ́n ní kì í ṣe omi, ẹ sáré lọ gbé oògùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ̀yin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi ni mò ń rẹ ẹ̀yin méjèèjì lẹ́kún."

A rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí ẹ̀yìnkùlé yìí ti gbọ́ ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ń fi igi kékeré kan fa ilẹ̀.

"Èmi kì í dúró ní kíláàsì," ló wí. "Màá bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á dákẹ́, ẹ̀rù á bà mí, màá sì fẹnu ara mi dáhùn. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń sáré. Bí Ọ̀gbẹ́ni Akóredé."

"Ṣé Akóredé lè gbọ́ ohun tí Ìyá ń sọ?"

"Ọ̀gbẹ́ni Akóredé? Ìyá á ti sá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Jẹ́ kí Akóredé máa ṣe ti Akóredé nígbà náà. Wo èyí tó jẹ́ tìẹ."

Mo fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà lẹ́nu mi pé ohun tó ṣe fún Ìyá, n kò rí ẹnì kankan tó ṣe irú rẹ̀ láyé mi, pé ọkàn mi balẹ̀ nígbàkigbà tó bá wọ yàrá yẹn. Ṣùgbọ́n a kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀, ìfàsẹ́yìn ní í yọrí sí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo ní kó lọ kó abọ́ wọlé kí òjò tó dé.

Òjò náà kò sì rọ̀.

Ọjọ́rú, 22

Ó gbìyànjú rẹ̀! Ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan lórí ìṣirò ìdá, ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó káwọ́ pọ̀, ó dúró. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rín náà tán. Ó ní dídákẹ́ tó tẹ̀lé e gùn bí ọ̀nà Èkó. Ó ń sọ lọ́kàn pé Ìyá ló ń sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí òun má sáré gbé omi.

Ọmọbìnrin kan tó ń jókòó sẹ́yìn, Kareemat, tí kò la ẹnu láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, ló dáhùn. Ìdáhùn rẹ̀ kò tọ̀nà. Tiwalọpẹ́ kò sọ pé kò tọ̀nà. Ó ní, "Ṣàlàyé bó o ṣe rí i fún mi." Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó dé ìdajì, ó dúró, ó ní, "Háà! Mo ti rí i, Àǹtí. Ibí ni mo ti ṣìnà."

"Bàbá, èmi ò sọ nǹkan kan o! Mi ò sọ nǹkan kan!" Ó sọ ọ́ bí ìgbà mẹ́ta. Ó jẹ ẹ̀bà, ó tún bu òmíràn.

Inú mi dùn, n kò jẹ́ kó mọ̀. Mo di ayọ̀ náà mú láyà bí ẹni di owó mú.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kọkànlá

Ó ti ń pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké. Kì í dúró síwájú mọ́, inú wọn ló máa ń jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì. Bó bá délé, n kò tún bèèrè mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ: èyí tó dáa, ìdí tó fi dáa, ohun tí yóò tún ṣe lọ́la. Lónìí ó ní, "Bàbá, mo ti mọ ohun tí mo lè ṣe. Mi ò lè pariwo, mo sì ti fi sílẹ̀. Mo lè gbọ́."

Ìgbà tí nǹkan bá ń lọ dáadáa báyìí ni ẹ̀rù máa ń bà mí jù. Epo pupa ìgò kan ti di ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Ikọ́ náà ti wọ àyà.

Ó ní Màdáàmù gba ojú fèrèsé kọjá nígbà tí kíláàsì dákẹ́, wọ́n ń ronú. Ó dúró, ó ní, "Ṣé oorun lẹ̀ ń sùn níbí?" Tiwalọpẹ́ fi ṣe ẹ̀rín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 12

Wọ́n ti mú Kareemat kúrò. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ bímọ ní Ọ̀rẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa bá a gbé ọmọ. Kò dágbére fún ẹnì kankan. Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó lọ ní sáà yìí. Àwọn òbí ń yọ ọmọ wọn, bẹ́ǹṣì ń ṣófo.

Mo bi Tiwalọpẹ́ ní ohun tó dáa lónìí. Ó ní kí n jọ̀ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20

Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láàárọ̀. Màdáàmù fúnra rẹ̀ wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì Tiwalọpẹ́, ó ń wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí wọ́n jáde, ó ní, "Àwọn ọmọ ló ń sọ̀rọ̀, ìwọ lò ń gbọ́. Ta wá ni olùkọ́?"

Mo ní kí ọmọ náà ṣàlàyé fún un. Ó ní òun ṣàlàyé. "Wọn ò dúró dè mí, Bàbá."

Mo rò ó pé kí n lọ bá obìnrin náà lálejò. Mo wọ bàtà. Mo bọ́ ọ. Bí mo bá lọ, yóò dà bí ẹni pé ẹjọ́ ń bẹ. Bí n kò bá lọ ńkọ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù Kejìlá

Ó dé kí oòrùn tó wọ̀. Kò bọ́ bàtà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, àpò rẹ̀ wà ní èjìká síbẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ sọ fún Màdáàmù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ mú mi lọ?"

Mo ní, "Lọ́jọ́ wo?"

"Ẹ rántí, Bàbá."

Mo rántí.

Wọ́n ṣe ìpàdé olùkọ́ lónìí. Màdáàmù kéde níbẹ̀ pé bí wọ́n bá ti parí sáà yìí, Tiwalọpẹ́ kò ní padà wá mọ́. Akóredé ló dìde, Akóredé tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ yẹn ti ń fẹ́ràn ìṣirò o. Wọ́n máa ń wá bá mi ní kíláàsì, wọ́n ní kí n dúró kí àwọn ronú. Wọ́n ti fẹ́ ba tèmi náà jẹ́." Àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Màdáàmù ní kí wọ́n má dá òun lẹ́bi. Ó ní, "Bàbá tó tọ́ ọ dàgbà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi lọ́fíìsì pé kò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo fẹ́ mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ?"

Ẹ̀rín náà sì tún wáyé.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Bí a ṣe ń fa ọmọ lé ni lọ́wọ́ nìyẹn. Bàbá tèmi náà..."

"Mo mọ̀, Bàbá. Mo wà níbẹ̀, mi ò sì bínú. Gbogbo àgbà ló ń sọ ọ́." Ohùn rẹ̀ kò ga ju bó ṣe máa ń rí lọ. "Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ òmíràn rí. Láti ìpàdé yẹn ni mo ti ń wá a. Mo wá a lójú ọ̀nà títí mo fi délé, pé kí n lè sọ fún ara mi pé, irọ́ ni, Bàbá sọ báyìí fún mi lọ́jọ́ báyìí. Mi ò rí ẹyọ kan."

Mo la ẹnu. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a gé koríko ṣì wà níbẹ̀. Ó ń wò mí.

Mo ní kó lọ jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Ó ti lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ìlíṣàn. Ó gbálẹ̀ kó tó lọ. Ó pọn omi kún gbogbo ìkòkò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Mo lọ bá Ìyáàfin Ojúọlá. Ó tún ní kí wọ́n gbé omi wá. Kò pariwo mọ́ mi, kò ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tó ṣe.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ ìlú. Àwọn ọmọ ń lọ, onílé-ìwé ní kí n dín olùkọ́ kù. Ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ. Wọ́n sì máa ń bèèrè ìdí."

"Ọ̀rọ̀ tí mo fi bẹ̀ yín lẹ fi ṣe ìdí? Ẹ mọ̀ pé àṣà ni."

"Mo mọ̀." Ó ń wo tábìlì. "Ìgbà tí bàbá tèmi mú mi lọ, ohun tí wọ́n sọ nípa mi burú ju tiyín lọ. Ṣùgbọ́n, Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo wá nǹkan tí n ó mú, òun ló wà nítòsí."

N kò mu omi náà. Bí mo ṣe ń jáde, kíláàsì Tiwalọpẹ́ ń pariwo bí ọjà. Kò sẹ́ni tó wà níwájú wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 14

N kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọyẹ́ yìí ti gba àyà mi kan. Bùsọ́lá pè. Ó ní Tiwalọpẹ́ ń bá òun ta ọjà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kì í bá wọn sọ̀rọ̀, ó kàn ń gba owó ó ń fún wọn ní ṣéńjì. Olùkọ́ kan wá ra búrẹ́dì, ó bi í pé iṣẹ́ wo ló kọ́. Ó ní òun ò kọ́ iṣẹ́ kankan.

Mo ní kí Bùsọ́lá gbé fóònù fún un. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè: "Ẹ sọ fún Bàbá pé mò ń sùn."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Lìádì wá sí Ìlárá fúnra rẹ̀, òun tí orúnkún kì í jẹ́ kó dé ìta. Ọmọ rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé e wá. Ó wò yí pálọ̀ ká.

"Ṣóbọ̀wálé, ilé ẹ ń rùn bí ilé ẹni tó ti kú. Ṣí fèrèsé."

"Ọyẹ́ ń wọlé."

"Kó wọlé. Òun náà ń wá ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀."

Ohun tó bá wá nìyí. Ilé-ìwé kan wà ní Ṣàgámù, nítòsí mọ́ṣáláṣí wọn. Olùkọ́ ìṣirò wọn ti rí ìwé àṣẹ ìlú òyìnbó gbà, kò ní padà wá ní oṣù Kìíní. Lìádì ti bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá náà ní kí ọmọ náà wá ní ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé, kí àgbà tó tọ́ ọ mú un wá, nítorí òun kì í gba ọmọ tí kò lẹ́nì kankan lẹ́yìn.

Mo ní, "Ìwọ mú un lọ."

"Èmi ni mo tọ́ ọ?"

"Mo ti mú un lọ rí. O rí ibi tó já sí."

"Kí lo máa sọ fún wọn lọ́tẹ̀ yìí? Tí o bá tún ní kò mọ nǹkan kan, màá kúkú jókòó sílé mi."

Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní mi ò mọ bí a ti ń sọ èkejì. Mo ní ahọ́n mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ mi níwájú àlejò rí, mi ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi.

Lìádì ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Bàbá tèmi náà ò sọ ọ́. Wọ́n ti kú tipẹ́, mo ṣì ń retí ẹ̀." Lẹ́yìn náà ló ní ebi ń pa òun, pé ṣé báyìí la ṣe ń ṣàlejò ní Ìlárá.

Ọjọ́bọ̀, 25

Kérésìmesì. Tiwalọpẹ́ kò wá. Ìrẹsì tí Bùsọ́lá fi rán ọlọ́kadà ti tutù kó tó dé.

Ọjọ́ Ajé, 29

Mo pè é. Mo rò pé kò ní gbé e. Ó gbé e.

Mo sọ nípa ilé-ìwé Ṣàgámù. Ó ní ìyá òun ti sọ fún òun. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n tún fa òun lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Ó tún ní, "Kí lẹ máa sọ fún wọn, Bàbá?"

Mo ní, "Màá sọ pé..."

Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ikọ́ mú mi. Mo wúkọ́ tán, mo tún ní, "Màá sọ pé," ahọ́n mi sì tún wúwo bíi ti ìyàwó mi. Ojú tì mí. Mo rò pé yóò ní kí n má ṣèyọnu, tàbí yóò bá mi parí rẹ̀, tàbí yóò pa fóònù.

Kò ṣe ọ̀kankan níbẹ̀. Ó dúró. Mò ń gbọ́ mímí rẹ̀. Mò ń gbọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra omi tútù lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń pè é, kò dá a lóhùn. Ó dúró dè mí bó ṣe máa ń dúró de Ìyá.

Mo ní, "Màá sọ pé, ẹ wò ó, ọmọ mi rèé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ àgbà ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, òun ló gbọ́ ọ. Gbogbo wa sá, òun dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún àwọn ọmọ tó kọ́. Ọmọ tí kò la ẹnu rí la ẹnu níwájú rẹ̀. Kò lè pariwo, ẹ má retí rẹ̀. Ẹ fún un ní àyè, ẹ ó rí i. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n."

Kò fèsì. Èmi náà gbìyànjú láti dúró. Ó ṣòro ju bí mo ṣe rò lọ.

Ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá." Ohùn rẹ̀ ti yí. Mo bi í bóyá yóò bá mi lọ. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ dé ná." Lẹ́yìn náà ló lọ dá ẹni tó ń pè é lóhùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 oṣù Kìíní, 2026

Mo fọ aṣọ ìsìnkú náà, ẹrẹ̀ tó wà létí rẹ̀ kò lọ tán. Ikọ́ kò rọ̀. N kò mọ̀ bóyá ọ̀gá Ṣàgámù náà yóò rò pé ìgbéraga ni, kí àgbàlagbà dìde máa yin ọmọ rẹ̀ níwájú àlejò. N kò mọ̀ bóyá ìfàsẹ́yìn tí àwọn baba wa sọ ń dúró dè wá lójú ọ̀nà. N kò mọ̀ bóyá bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà Bùsọ́lá, ọmọ náà yóò ti wọ bàtà, tàbí yóò ní òun ń sùn. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà níwájú dígí. Ahọ́n mi ṣì ń kọ́ níbi "ọmọ mi rèé."

Mo ti bá ọlọ́kadà sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni títí dé Ìlíṣàn, mo sì ti kìlọ̀ fún un nípa fóònù rẹ̀. Yálà ó bá mi lọ sí Ṣàgámù tàbí kò bá mi lọ, màá sọ ọ́ lójú rẹ̀, níwájú ìyá rẹ̀ àti àwọn tó bá ń ra búrẹ́dì. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí, tí wọn yóò wọlé ní Ṣàgámù, ni n ó gbéra.